Ohùn Ọkọ̀ Sàláwù

"Ẹ tún fún un níná," ni Fúnṣọ́ wí.

Hàbíbátù fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnì Tòyótà àtijọ́ náà bú, ṣùgbọ́n iná iwájú tó tàn sára ògiri kò mọ́lẹ̀ sí i. Fúnṣọ́, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ sólà ní Dutse Alhaji, fi wáyà mítà kan orí bátìrì. Nọ́ńbà inú mítà ń lọ sílẹ̀ dípò kó máa gòkè.

"Ìyá Mùfú, bátìrì mélòó lẹ ti rà?"

"Èkejì nìyí. Rẹwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní bátìrì ló kú."

"Kò kú. Ebi ló ń pa á. Ọ́tánétọ̀ ló yẹ kó máa fún un níná bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì dára, orí bátìrì mọ́. Ọ́tánétọ̀ gan-an ló ti kú."

Hàbíbátù pa ẹ́ńjìnì. Lọ́la ni wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ sí Mùfúlíátù ọmọ rẹ̀ lára ní ọsibítù Kubwa. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọ náà fínra, ọkọ̀ yìí ni bàbá rẹ̀ sì fi ń gbé e sáré.

Ọmọ náà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbórí sókè.

"Màámi, Bàbá ti dé."

Sàláwù, bàbá rẹ̀, ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n Hàbíbátù náà gbọ́ ọ: ohùn tínrín kan lábẹ́ ohùn ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan tó ń bọ̀, irú èyí tó máa ń ṣáájú ọkọ rẹ̀ dé ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn náà ń sún mọ́ tòsí. Ó dúró níwájú géètì.

Yínúsà, àbúrò Sàláwù, ló wọlé.

"Ìyàwó wa, ó ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu? Mo ti ní ká tà á."

Òun ló gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà nígbà tí Hàbíbátù ń ṣe opó tí kò lè jáde. Ó ní ọkọ̀ tí a kò gbé jáde máa ń bàjẹ́, òun yóò máa bá a gbé e. Ọjọ́ tí opó parí ló dá a padà. Ó tilẹ̀ fọ̀ ọ́.

Hàbíbátù sọ̀ kalẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín. Ohùn ọkọ̀ bàbá Mùfú ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀."

"O ti wá di mẹkáníìkì?"

Hàbíbátù jáde lọ bá ọkọ̀ náà, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó sì fa bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Irú ọkọ̀ kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rà. Lára ọ́tánétọ̀ Yínúsà, àmì kútẹ̀ẹ̀sì èékánná pupa kan wà. Sàláwù kì í gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì láìfi kútẹ̀ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀ sàmì sí ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀. Ará òde ló ń ṣọ́.

Yínúsà wo àmì náà. Kò sẹ́.

"Kábúkábú ni mo ń ṣe. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan, kí ló fẹ́ fi iná ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi kò ní bínú."

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ gbogbo wa ni." Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Má torí irin tú ẹbí ká."

Hàbíbátù pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní Kabba. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó ní kò yẹ kí opó máa tú inú ọkọ̀ ọkùnrin wò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹbí ti rán ènìyàn wá fa Tòyótà Sàláwù lọ. Wọ́n ní ohun tí ọmọ àwọn fi sílẹ̀ ni, àwọn kò sì fẹ́ kó dá ìjà sílẹ̀.

Hàbíbátù pọn Mùfúlíátù lọ sí oríta. Ní òru, orúnkún ọmọ náà méjèèjì ti wú, kò ṣeé ká. Ọkọ̀ ń kọjá, gbogbo wọn kún. Ọ̀kan wá dúró.

"Kubwa?" Yínúsà yọjú, ó rí i. "Ìyàwó wa. Wọlé."

Hàbíbátù kò mira. Ọmọ náà kérora lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọlé, ó sì na ẹsẹ̀ ọmọ náà sórí ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọn kò tíì jìnnà tí ọkùnrin kan fi na ọwọ́ sí wọn létí títì. Yínúsà rọra dúró. Ó wo ẹ̀yìn nínú dígí.

"Ìyàwó wa," ó wí, "ká ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kò. Àyè ẹnìkan ṣì kù."