Síìdì Tó Kọ́kọ́ Gba Agbamu Kọjá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Lawrence mú síìdì náà dé Òmù-Àrán, iṣẹ́ tí wọ́n rán an pẹ̀lú rẹ̀ sì ti fi ọjọ́ kan pẹ́.

"Ààrẹ ẹgbẹ́," ló wí, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, "Ọláìyá ní kí n kí ọ. Ó ní kó o wá bá òun ní Rore lánàá."

Àsísátù di ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. "Àná tó ti lọ?"

"Àná náà ni. Ìsìnkú ìyá bàbá rẹ̀ ló bá wá, wọn ò sì jẹ́ kí àkọ́bí ọmọ-ọmọ kúrò nílé òkú. Ó fún mi ní síìdì yìí láàárọ̀ àná, ó ní tó o bá ti rí i, wàá mọ̀ pé òun ló ń pè ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun ò lè rán ẹnikẹ́ni sọ, òní ni òun sì máa padà sí Èkó."

"Láàárọ̀ àná, Bọ̀ọ̀dá Lawrence! Níbo lẹ wá gbà?"

"Agbamu ni mo gbà. Ṣebí òfin ẹgbẹ́ ni?"

Òfin ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wọn ni lóòótọ́. Línúsì ni ẹgbẹ́ náà ń lò, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà jí tó sì ń darí iṣẹ́ inú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń rà. Ẹni tó bá rí i gbà lórí síìdì lè ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ú. Àmọ́ síìdì kan ti wá láti Ìlọrin rí, tó ní àbùkù, tó pa gbogbo ìwé ètò ìsìnkú àti ìgbéyàwó tí Bàbá Bámigbóyè atẹ̀wé tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ́ ráúráú. Láti ìgbà náà ni Àsísátù ti ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síìdì tuntun lọ sọ́dọ̀ Hàmídù, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní Agbamu, kó dán an wò, nítorí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò ní ohunkóhun nínú tí ènìyàn lè sunkún lé lórí. Lawrence gbé e lọ, iná ò sí, ó sì jókòó de iná títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ta ni Àsísátù fẹ́ bá bínú? Òun fúnra rẹ̀ ló gbé òfin kalẹ̀.

Òun àti Ọláìyá ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Bàbá Bámigbóyè. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà funfun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí gíláàsì dúdú kọ̀ǹpútà bí òjò tó ń ti ìsàlẹ̀ rọ̀ lọ sókè, Ọláìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì mọ̀ pé òun dì í mú. Àsísátù mọ̀. Nígbà tí Ọláìyá lọ wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, bí ẹni tó ń bá èèyàn gbé ọmọ pọ̀n ni Àsísátù ṣe ń tọ́jú ẹgbẹ́ náà. Bí ìlẹ̀kùn bá dún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ẹgbẹ́ ń pàdé, á yíjú wò bóyá Ọláìyá ni. Bó bá ń tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, Èkó ni ọkàn rẹ̀ ń rìn kiri, Èkó tí kò dé rí, níbi tí òun àti Ọláìyá ti ń rìn létí òkun, tí afẹ́fẹ́ ń gba gèlè lórí rẹ̀.

Bàbá Bámigbóyè yọ orí lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. "Ìyàwó kọ̀ǹpútà, kí lò ń dúró wò? Mọ́tò Èkó kankan ò tíì kúrò nílùú yìí. Gbogbo wọn ló tò sí ilé-epo ọ̀nà Àjàṣẹ́, wọ́n ń retí epo. Ọ̀wọ́n epo náà ní oore tirẹ̀."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Àsísátù fi gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Lawrence.

Orí báàgì rẹ̀ ni Ọláìyá jókòó sí nídìí igi dóńgóyárò ilé-epo náà. Ó ti rù. Ó dìde.

"O ò wá lánàá."

"Síìdì rẹ ló kọ́kọ́ lọ kí Hàmídù."

Ọláìyá la ẹnu, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi tí àwọn awakọ̀ fi yíjú. Ẹ̀rín yẹn náà ni. Ó wọ Àsísátù lára bí omi tútù.

"Ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà?" ni Ọláìyá bi í.

Ìbéèrè náà dùn ún. "Ó wà. Tíṣà obìnrin kan ń ti Òwu-Ìsin bọ̀ lónìí, ó ń gbé kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn bọ̀ kí n lè fi Línúsì sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí."

"O kú iṣẹ́. Wíńdóòsì tí wọ́n ń rà là ń lò níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n fẹ́ ju síìdì yẹn nù, mo ní mo mọ ẹni tó máa mọyì rẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Àsísátù, ọ̀gá mi ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, mo sì ti dárúkọ rẹ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wàá máa gbé títí àwọn èèyàn mi á fi wá tọrọ rẹ. Bá mi lọ. Mo ti ní kí awakọ̀ di àyè kan mú."

Ọkọ̀ epo yọ lókè ọ̀nà. Fèrè mọ́tò gba gbogbo ibẹ̀, àwọn èèyàn ń ti ara wọn. Ohun tí Àsísátù ti ń gbọ́ lójú àlá ló gbọ́ yìí, láti ẹnu ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò náà. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó tún rí tíṣà obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó gbé kọ̀ǹpútà sórí, tó ń béèrè òun.

"Ká ní o rí mi lánàá ńkọ́?" ni Ọláìyá béèrè, nítorí ó ti rí ojú rẹ̀.

"Ká ní àná ni, ǹ bá ti tẹ̀ lé ọ kí n tó ronú rárá."

"Òní wá ńkọ́?"

Omi lé ròrò sójú Àsísátù, kò sì nù ún. "Mo fẹ́ràn rẹ, Ọláìyá, kò sí ọjọ́ tí ọkàn mi kì í fà sí ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ lọ sí Èkó. Òmù-Àrán ni màá wà."