Òjé àti Bàbà

Bí ìgbà òtútù bá ti dé, ẹgbẹ́ ayìnbọn ìlú kékeré kan kì í tan fáànù gbọ̀ngàn ìyìnbọn wọn mọ́. Fáànù ńlá ni, inú ògiri ni wọ́n kàn án mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó fa èéfín ìbọn síta. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ń fa èéfín ni ó ń fa ooru ilé lọ pẹ̀lú, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sì fẹ́ràn ooru ju ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀ títí di ìgbà tí yóò fi yọ́, inú èéfín ni wọ́n ń dúró sí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mu kọfí, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín.

Darla Hruska mọ ohun tó wà nínú èéfín náà: òjé, irin rírọ̀ olóró tí wọ́n fi ń ṣe orí ọta. Ó ti gba oyè nínú ìmọ̀ kẹ́míkà, iṣẹ́ tí oyè náà sì rí fún un ni kí ó máa to páálí sínú ọkọ̀ akẹ́rù ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, Milo, ni ó jókòó sí nígbà tí dókítà sọ pé òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ti kọjá ohun tí a lè fojú kéré. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Milo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ òjé náà ni. Dókítà ní kí ó má yọ́ òjé da orí ọta mọ́, kí ó má sì yìnbọn nínú ilé mọ́. Milo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó wá béèrè bóyá òun ṣì lè kópa nínú ìdíje ìparí ìgbà òtútù.

Kò sí nǹkan mìíràn tó kù fún un. Ilé iṣẹ́ irin ti ti ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìbọn ìléwọ́ kan tó ń gba ọta mẹ́fà ló kù, àti àwọn ọkùnrin tí ń pariwo orúkọ rẹ̀ bí ọta bá bá àárín àmì. Ní yàrá abẹ́ ilé, ó ní ìkòkò kan tó fi ń yọ́ àwọn ègé òjé tí wọ́n fi ń mú táyà ọkọ̀ dọ́gba. Ó ń dà á sínú irin oníhò tó ní ìrísí orí ọta, ó ń fi ọwọ́ lásán kó orí ọta tó bá jáde, ó sì ń fi ọwọ́ kan náà jẹ búrẹ́dì.

Darla kò lè gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò gba òjé.

"Dádì, ẹ wo èyí." Ó gbé páálí kékeré kan sórí tábìlì. Orí ọta tí wọ́n fi bàbà bò yíká ló wà nínú rẹ̀.

Milo gbé ọ̀kan sókè sí iná. "Ó ń dán bí eyín olóṣèlú."

"Ó ń dán, àmọ́ kò ní pa yín."

"Ta ló sọ pé òjé ń pa mí? Bàbá mi da òjé dọjọ́ ogbó."

"Bàbá yín ò lè mú ṣíbí dé ẹnu nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi."

Milo dá orí ọta náà padà sáàárín àwọn yòókù.

Darla ṣàlàyé fún un, ní ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka òfin. Òjé rọ̀, ẹ̀tù díẹ̀ ti tó láti tì í la ọ̀pá ìbọn kọjá. Bàbà le, ó ń di ọ̀pá mú. Bí ẹ̀tù kò bá tó, ọta yóò dúró sí àárín ọ̀nà, ọta tó bá tẹ̀ lé e yóò sì bá a níbẹ̀. Ẹ̀tù gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ó tẹ̀ lé ìwé ìtọ́sọ́nà, ó wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n, ó ń fi kún un ní díẹ̀díẹ̀. Ó kó ọta náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé nínú yìnyín, ó gbé ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ìyára ọta kalẹ̀, ó sì ń yìn wọ́n títí ó fi rí èyí tí ihò rẹ̀ ń fara kan ara wọn lórí páálí àmì.

Milo gbìyànjú rẹ̀ wò. Ihò náà dára. Ṣùgbọ́n ìbọn náà ta sókè lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ abíyá kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i.

"Ó ń tàpá bí ẹṣin," ló wí.

"Ó máa mọ́ yín lára."

"Ó dáa. Èyí tó kù, fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo máa rọ ẹ̀tù sí ọta tí mo máa fi díje. Ìbọn mi ni."

Darla rò pé bàbá òun ti gbà nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn náà ti kún fún èéfín kí wọ́n tó dé. Òjé ṣì kù nínú ìṣáná kékeré tó ń tan ẹ̀tù ní ìdí ọta, Darla mọ̀, àti nínú ọta gbogbo àwọn yòókù. Ó lọ bá ààrẹ ẹgbẹ́, Verlin Stokes, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ní ilé epo.

"Mísítà Stokes, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tan fáànù lónìí."

"Darla! Ṣé wọn ò kọ́ yín níléèwé pé òtútù ń pa èèyàn ni?"

"Wọ́n kọ́ wa. Wọ́n ní òjé náà ń pa èèyàn, pé òun kàn ń fara balẹ̀ ni."

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Stokes na apá méjèèjì. "Mo ti wà níbí látìgbà tóo wà nínú ìlédìí. Wò mí dáadáa! Kí ló ṣe mí?"

"Mo ń wò yín. Ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí pé ṣé mo ti ríṣẹ́."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Stokes ní kí oníkálukú lọ sí ipò rẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́ kò ní ìkánjú, Milo sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìró ìbọn rẹ̀ rọ̀, ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n Darla rò pé ohun tí òun fi bo etí ló fà á. Ìpele tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìyára. Milo gbé ìbọn sókè, ó ń yìn ín léraléra. Lójijì, ọ̀kan dún bí ẹni fi ọwọ́ lu ìrọ̀rí. Ihò kankan kò yọ lórí páálí.

"Dádì, ẹ dúró!"

Etí Milo náà wà ní bíbò, kò gbọ́. Ó tún yìn ín.

Nígbà tí wọ́n gbé ìbọn náà sábẹ́ iná láti wò ó, ọ̀pá rẹ̀ ti wú ní àárín, bí ejò tó gbé ẹyin mì. Ọwọ́ Milo kò ní ọgbẹ́ kankan. Darla mú ọ̀kan nínú ọta tó kù, ó mì ín létí, kò sì nílò òṣùwọ̀n kankan mọ́.

"Ìwọ̀n ẹ̀tù ti òjé lẹ rọ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ṣàlàyé fún yín."

"O ṣàlàyé. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀." Milo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò lè di ìbọn náà mú mọ́ bó bá tàpá, Darla. Mo fẹ́ lo bàbà ẹ, kí n sì tún lè dì í mú."

Stokes dé. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú ìbọn tirẹ̀ lọ́wọ́, àti páálí ọta kan. "Gba tèmi, Milo. Ọta òjé ni, ó rọ̀ bí bọ́tà. Kí wọ́n má sọ pé a lé ẹ jáde."

Milo na ọwọ́ sí i.

Darla rìn lọ síbi ògiri, ó tan fáànù, ó sì fi ẹ̀yìn bo súìsì. Fáànù náà ké bí ohun tí wọ́n jí lójú oorun, ilẹ̀kùn irin tó bo ẹnu rẹ̀ níta ṣí, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Òtútù rọ́ wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹnì kan bú, ẹlòmíràn wá ẹ̀wù rẹ̀.

"Pa á, Darla," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Rárá, Dádì."

"Ọwọ́ mi ò ní gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nínú òtútù. Jọ̀ọ́."

Darla kò kúrò níbẹ̀. Milo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìbọn Stokes sókè. Ẹnu ìbọn náà ń rìn kiri lórí páálí, ó ń wá àárín, kò rí i. Èémí rẹ̀ ń jáde ní funfun. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí àkókò rẹ̀ fi tán, kò yin ọta kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó fún Stokes ní páálí ọta rẹ̀ padà láìdínkù, ó sì wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ síbi tí ooru ti ń jáde.

"Àwọn ọta ẹ yẹn dáa o," ló wí. "Èmi ni mi ò fún wọn lóúnjẹ yó."

Darla tan ọkọ̀, ó fi í sẹ́yìn. Ní ara ògiri gbọ̀ngàn náà, ilẹ̀kùn irin fáànù ṣì wà ní ṣíṣí, èéfín ń yọ níbẹ̀. Kí wọ́n tó dé ẹnu títì, àwọn tó kù nínú ilé ti pa fáànù, ilẹ̀kùn irin náà ti já wálẹ̀, ó sì ti pa dé.