Pákó Ẹnu Ọ̀nà

Ọdún tí bàbá wa kú ni àpéjọ Kérésì wa bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Pákó ilé ló ń jẹrà. Orí òpó nínú omi ni ilé wa wà, lẹ́bàá Ugbonla létí òkun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì ti ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìye, bí a ṣe ń pe ìyá wa, ránṣẹ́ sí àwa ọmọ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun Kérésì lọ́dọ̀ òun, kó gbé pákó kan dání, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Lọ́dọọdún, ìró òòlù ni yóò kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará àdúgbò pé a ti dé. Ìye kì í jáde wá wo ẹni tó wọlé. Ìró pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní ń sọ fún un. "Àràmídé, o ti sanra," ni yóò wí láti inú yàrá, kí n tó bọ́ bàtà. Inú a máa bí mi. Ta ló fẹ́ kí ilẹ̀ ilé máa tú àṣírí òun?

Òkun wá gbé ilé náà lọ. Mo wà ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, nígbà tí wọ́n pè mí. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì padà sínú kíláàsì. N kò sunkún. Nǹkan kan ti kú tipiri nínú mi.

Godspower, àbúrò mi, gbé Ìye lọ sílé búlọ́ọ̀kù tó kọ́ sí Igbókọ̀dá. Àpéjọ wa ò dúró, ó kàn di ìrẹsì, ọtí tútù àti fọ́tò. Ta ló kù tó ń gbé pákó? Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé mú Ìye. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ti bómi lọ, orúkọ wa sì tẹ̀ lé e. A óò tò síwájú rẹ̀, a óò máa dárúkọ ara wa bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni yóò wí. "Ṣé ẹ rí ọkọ̀ wọ̀ dáadáa?" Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún un, mo sì lọ bu ìrẹsì mi.

Ní Kérésì tó kọjá, mo ra pákó kan. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ ni. Godspower rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilé tèmi náà ti ń jẹrà ni?"

Mo tẹ́ pákó náà sẹ́nu ọ̀nà, mo gùn ún. Kò dún. Sìmẹ́ńtì gbé ìró rẹ̀ mì. A ò gbọ́ nǹkan kan láti yàrá Ìye. Mo ní kò burú, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e kúrò.

Godspower ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé búlọ́ọ̀kù méjì wá, ó sì gbé pákó náà lé wọn lórí.

"Orí òpó ló máa ń wà," ló wí.

Mo tún gùn ún. Pákó náà ké.

"Àràmídé," ni Ìye pè láti yàrá, "kí ló dé tí o rù báyìí, ọma mi?"

Ẹkún gbọ̀n mí. N kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó náà. Lẹ́yìn mi, Godspower ti ń bọ́ bàtà, ó ń dúró kí ó kan òun.