Ewé Òyìnbó Nínú Ẹran Bàbá

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó gbé ìkòkò kaná lọ́jọ́ Fúráìdé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìwà burúkú ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń kúrò n'Íléṣà lójoojúmọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo. Ìrọ̀lẹ́ ni mò ń padà, ẹsẹ̀ mi á ti wú nínú bàtà, n ó sì tún wọ ilé ìdáná. Bàbá mi ni mò ń tọ́jú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, Barnabas Fásanmí, oníṣòwò aṣọ nígbà tí ara le, àgbà ìjọ títí di òní. Màmá wa ti dolóògbé. Àbúrò mi kan ṣoṣo, Nehemiah, wà ní ìlú ọba, ibẹ̀ ló ti ń fi fóònù bá mi tọ́jú wọn.

Nínú oṣù kìíní ọdún yìí ni Bàbá ṣubú lójú ọ̀nà Ìbòkun, nígbà tí wọ́n ń ti oko bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn tó rí wọn sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ti gún wọn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó lajú. Nígbà tí wọ́n lajú, tí wọ́n rí ibi tí wọ́n wà, ṣe ni wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì dára fa abẹ́rẹ́ omi yọ, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sílé.

Bàbá mi kì í lo oògùn. Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan o. Wọn kì í mu àgbo, wọn kì í lá àgúnmu, orí ìbáà máa fọ́ wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìjọ aládùúrà tí wọ́n wọ̀ nígbà èwe ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: àdúrà, ààwẹ̀, àti omi tí a gbàdúrà sí, ó tán. Lóde òní, pásítọ̀ wa fúnra rẹ̀ ń ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ò yẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Èmi a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fọwọ́ kan ọkà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á ní Ìjẹ̀ṣà wo ló ń fi iyán sílẹ̀ jẹ ọkà.

Kí a tó kúrò nílé ìwòsàn, dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní hóró oògùn kan ni láràárọ̀, a ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, kí a sì yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ wọn. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá tún ru bí ti àkọ́kọ́, wọn ò ní dìde mọ́.

Báyìí ni mo ṣe di òpùrọ́ nínú ilé bàbá mi. Láràárọ̀ ni mò ń fi ìdí ṣíbí lọ hóró yẹn kúnná, tí mò ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, tí mo sì ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi mu ún tán. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ara Bàbá sì yá. Ọwọ́ òsì tó ti rọ bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan mú, ẹsẹ̀ wọn ń gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, wọ́n sì ti sọ fún pásítọ̀ pé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, àwọn máa dìde níwájú ìjọ, àwọn máa jẹ́rìí pé láìfi oògùn kan ẹnu, ara àwọn dá. N kì í fẹ́ ronú kan ìjẹ́rìí yẹn. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa ronú lọ.

Oúnjẹ tí kò níyọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá á tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n á ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á bi mí pé kí ni àwọn fi ṣẹ̀ mí. Wọ́n ń gbẹ. Mo ké sí Nehemiah, ó sì fi ike kékeré kan rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé sí mi. Ewé gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Ó ní séèjì lorúkọ rẹ̀, ewé ọbẹ̀ ni bí efinrin tiwa, òun làwọn òyìnbó fi ń sun ẹran pẹ̀lú ẹ̀fọ́, pé bó bá ti wà nínú ẹran, ahọ́n ò ní bèèrè iyọ̀. Mo fi díẹ̀ kan ẹnu. Ó korò díẹ̀, ó sì ta sánsán lọ sókè imú.

N ò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ńlá tí màmá wa fi máa ń yan kéèkì nígbà Kérésì ni mo gbé jáde, mo da yanrìn sísàlẹ̀ rẹ̀, mo gbé e sórí èédú. Mo gé itan adìyẹ àti ẹran ewúrẹ́. Mo gé ọ̀dùnkún, karọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti tàtàṣé ní ńlá ńlá kí wọ́n má baà rà sínú iná. Mo fi aáyù, ata gbígbẹ àti òróró díẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ lára, mo fi ìka rún ewé Nehemiah lé e lórí, mo tò ó sínú abọ́ irin, mo gbé e sórí yanrìn, mo dé e, mo sì kó ẹyin iná sórí ìdérí. Kò pé wákàtí kan tí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Awọ adìyẹ pọ́n, etí ọ̀dùnkún jóná díẹ̀, omi àlùbọ́sà ń hó nísàlẹ̀. Kàdíjátù, aládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ mú wá láti Òṣogbo, na ọrùn lórí ògiri.

"Àǹtí Tóyìn, kí lẹ ń sun tó ń pe ẹni tó ti jẹun yó padà sídìí oúnjẹ?"

Inú mi dùn. Mo ní lónìí, Bàbá á jẹun.

Mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀kì yí itan adìyẹ padà, wọ́n rí ewé tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bàbá kì í jẹ́ kí ahọ́n Ìjẹ̀ṣà wọn jáde dáadáa sí mi àfi tí inú bá ń bí wọn.

"Tóyìn, ewé kí nìyí?"

"Ewé ọbẹ̀ ni, Bàbá. Nehemiah ló fi ránṣẹ́."

"Ewé ọbẹ̀ a máa ta sími nímú báyìí? Inú ulé tí wọ́n ti ń se àgbo ni wọ́n bí mi sí. Fásanmí ni wọ́n ń pe bàbá mi, ewé ò ṣàjèjì sí i. O fẹ́ kọ́ mi ní òórùn oògùn ni?" Wọ́n ti àwo náà padà sí mi. "Uṣẹ́ ọwọ́ ìwọ àti àbúrò rẹ nìyí. N kò níí jẹ nǹkan lọ́wọ́ rẹ mọ́."

Ẹ wá wo ìyà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fún bàbá mi ní oògùn, wọn ò fura. Ọjọ́ tí mo se oúnjẹ tí kò lábùlà ni wọ́n mú mi. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n kọ̀. Mo dúró nílé ìdáná, mo jẹ itan adìyẹ kan. Ó dùn gan-an. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo gbé ẹ̀kọ lọ bí mo ti ń ṣe. Bàbá ò tilẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bó ni wọ́n jẹ, àti ẹ̀pà tí wọ́n pa fúnra wọn. Kò sí ibi tí oògùn lè gbà wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ bó. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo rí i tí wọ́n fi ìka méjì tẹ ẹ̀bátí wọn. Ó lè jẹ́ ebi, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà ló ń gòkè. Ọ̀rọ̀ dókítà ni mò ń gbọ́ létí.

Mo po ẹ̀kọ tuntun, mo lọ oògùn sí i, mo gbé e lọ bá Kàdíjátù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbé e fún Bàbá bí ẹni pé ilé tirẹ̀ ló ti wá. Ó bi mí ìdí rẹ̀. N ò lágbára láti wá irọ́ mìíràn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo lè bá yín gbé oúnjẹ, mi ò lè bá yín gbé irọ́ fún àgbàlagbà. Tí wọ́n bá bi mí ńkọ́? Ẹ lọ bá bàbá yín sọ̀rọ̀."

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí pé ó kọ̀ fún mi. Gbogbo rẹ̀ ló ti sú mi, ọ̀nà Òṣogbo, ìdí ṣíbí, ojú tí mò ń rọ́jú fi wo bàbá mi láràárọ̀. Kàdíjátù fi ìborùn rẹ̀ nù mí lójú.

Nígbà tí mo délé, mo gbé ẹran àná kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì gbé e lọ bá wọn lọ́ọ̀dẹ̀. Bíbélì wà lórí itan wọn, wọ́n ń wá ẹsẹ tí wọ́n máa kà lọ́la. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, kò sí oògùn nínú ẹran yìí. Mo lè fi Bíbélì yín búra."

"Búra."

Mo gbé ọwọ́ lé e, mo búra. Bàbá wò mí títí. Ojú wọn rọ̀. Wọ́n mú ọ̀dùnkún kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n mi orí.

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Mo fura sí ọ láìtọ́. Tí mo bá ń jẹ́rìí lọ́la, n ó dárúkọ rẹ. N ó ní ọmọbìnrin mi bá mi dúró nínú ìgbàgbọ́, kò fìgbà kan tàn mí."

Ká ní wọ́n tún bínú sí mi ni, ǹ bá dìde, kí n máa bá tèmi lọ. N ò lè dìde.

"Inú ẹ̀kọ ló wà, Bàbá."

"Kí ló wà nínú ẹ̀kọ?"

"Oògùn. Láti ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé. Lójoojúmọ́, àfi òní."

Mo ti ń dúró de igbe. Wọn ò pariwo. Wọ́n pa Bíbélì dé. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, wọ́n pa á, wọ́n là á, wọ́n tún pa á.

"Ó jẹ́ pé òun ló wo ọwọ́ yìí sàn?"

"Dókítà ní òun ni. A gbàdúrà náà, Bàbá."

Wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pé, "Amos ńkọ́?"

Amos ni àkọ́bí wọn. Ibà ló pa á ní ọmọ ọdún márùn-ún, kí wọ́n tó bí mi. A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa.

"Ìyá rẹ kúnlẹ̀ fún mi bí o ti kúnlẹ̀ yìí," Bàbá wí. "Ó ní kí n jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Mo ní kó lọ bu omi àdúrà wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà fi wà lórí ẹní. Láti ìgbà náà, n kò jẹ́ kí oògùn kan ẹnu mi. Nítorí bí oògùn bá lè wo ènìyàn sàn, Tóyìn, kí ni mo fi ọmọ mi ṣe?"

Mo ti pé àádọ́ta ọdún, agídí ni mo sì ń pè é láti kékeré. Ìbínú tó wà nínú mi tán. Àárẹ̀ nìkan ló kù, tèmi àti tiwọn. Ọwọ́ tí mo fi búra kò tíì tutù, mo tún la ẹnu.

"Bàbá, ibà ayé ìgbà yẹn ju agbára oògùn lọ. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù náà kú. Amos ì bá kú bákan náà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Dókítà ni." Dókítà yẹn ò tíì tó ọmọ ogójì ọdún, wọn ò tíì bí i nígbà tí Amos kú.

"Urọ́ lò ń pa," Bàbá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Omi ti kún ojú wọn. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n di ojú, wọ́n ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ òsì sí mi, wọ́n ní kí n mú oògùn ti òní wá.