Ọlọ́pàá Olórí Ìkòkò

Bàbá Ṣadé, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Ẹ rántí eré tẹlifíṣọ̀n tuntun tí èmi àti Ṣadé bẹ̀rẹ̀ lánàá, tí àwọn olè ti ń jí ọmọ gbé, tí wọ́n ń fi rọ́bọ́ọ̀tì tó jọ ọmọ náà rọ́pò rẹ̀? Apá kìíní ṣoṣo la wò. Ó dùn, àmọ́ àyà mi ò balẹ̀, ni mo bá lọ sùn ti Ṣadé.

Ṣadé méjì ló dúró ní pálọ̀ wa, ọ̀kan péré ni tèmi. Ọlọ́pàá inú eré náà wà níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ sì ni orí rẹ̀. Tó bá gbọ́ irọ́, ọmọrí ìkòkò náà á máa jó.

Ó bi wọ́n pé, "Ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀?"

Èkíní ní, "Èmi kọ́, sà." Ọmọrí ò mì.

Èkejì wojú mi, ó ní, "Ológbò wa ni, sà."

A ò ní ológbò. Ọmọrí fò lọ lu àjà, òórùn ata gba gbogbo ilé.

Ọlọ́pàá pariwo pé, "Òpùrọ́! Rọ́bọ́ọ̀tì nìyí!"

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ mi gan-an nìyẹn!" Mo dì mọ́ ọn pinpin, mò ń rẹ́rìn-ín.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Ṣadé létí mi: "Màámi, ẹ ń fún mi lọ́rùn! Ilẹ̀ ti mọ́."