Abọ́ Omi Mẹ́ta

Ẹni ọ̀ràn kò kàn ní í máa ní kò ju báyìí lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí ọyẹ́ mú gidi ní Owódé, Ọ̀gbẹ́ni Akínrẹ̀mí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, bọ́ kádígàn lára Èyítáyọ̀ níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Pupa ni kádígàn náà, aláwọ̀ ewé sì ni ti ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ yìí ní òtútù ń mú òun. Ọ̀gá ní irọ́ ni, ó sì ti kádígàn mọ́ inú dúrọ́ọ̀. SS ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Kí wọ́n tó gbàdúrà tán, eegun ti ń ro ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù.

Inú bí Màmá Harriet, ìyá rẹ̀ àgbà, gidigidi. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí Èyítáyọ̀ máa wọ kádígàn rẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Ọjọ́ tí ọmọ padà sílé ẹ̀kọ́, Màmá bá a lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, ó gbé abọ́ mẹ́ta, fúláàsì omi gbígbóná àti píọ̀ wọ́tà tó ti dì dání.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Òfin lòfin, mà," ni Akínrẹ̀mí wí. "Èmi náà dúró síta lọ́jọ́ yẹn, kò tutù tó bẹ́ẹ̀."

"O wọ kóòtù! Ó yá, ki ọwọ́ bọ omi."

Màmá bu omi tútù sí abọ́ kan, omi gbígbóná tó ṣeé fọwọ́ bọ̀ sí èkejì, ó sì pa méjèèjì pọ̀ sínú ti àárín. Akínrẹ̀mí ki ọ̀tún bọ èyí tó tutù, ó ki òsì bọ èyí tó gbóná. Nígbà tó yá, Màmá ní kó kó méjèèjì sínú abọ́ àárín.

"Báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

"Ó gbóná lọ́wọ́ ọ̀tún, mà. Lọ́wọ́ òsì..." Ó wo ọwọ́ òsì náà. "Ó tutù."

"Inú abọ́ kan náà ni wọ́n wà! Ọwọ́ rẹ méjèèjì, wọn kò fẹnu kò lórí omi kan. O wá fi ara tìrẹ wọn òtútù fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rí bíi tìrẹ?"

Akínrẹ̀mí tẹjú mọ́ omi náà. "Ẹ ti fi èyí kọ́ wa rí, mà. Ní JSS 2."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ nawọ́ dáhùn. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Akínrẹ̀mí kò nu omi ọwọ́ rẹ̀ kó tó fa dúrọ́ọ̀ ṣí. Ó mú kádígàn pupa náà jáde, ó sì jáde lọ bá Èyítáyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti káwọ́ mọ́ àyà.