Fẹ́tàsì: Ti Ọwọ́ Ni àbí Ti Ẹsẹ̀?

Ìdájí ni Fọláwùmí ti wọ mọ́tò láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ nítorí iṣẹ́ ògbufọ̀ ilé ẹjọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbà nínú àwọn tó wá.

Nígbà tó kàn án, Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù, alága àwọn tó ń dán wọn wò, ka Gẹ̀ẹ́sì sí i létí: wọ́n mú ọ̀daràn wọlé nínú "fẹ́tàsì". "Ó yá, sọ ọ́ ní Yorùbá."

Etí Fọláwùmí gbọ́ "fẹ́dàsì". Ó gbóhùn sókè: "Wọ́n mú ọ̀daràn wọlé, ìyẹ́ adìẹ ló dà bora."

Ẹ̀rín bú! Màmá Bọ́látitó, igbákejì alága, fi fáìlì bojú. "Ọmọ yìí, ọ̀daràn ni wọ́n mú ni, àbí àkùkọ?"

Fọláwùmí rí i pé iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e máa ń yún un bíi wèrèpè ni. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí wá ni fẹ́tàsì?"

"Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni."

"Ti ọwọ́ ni sà, àbí ti ẹsẹ̀?"

Alága tún ìwé rẹ̀ wò.

"Ti ọwọ́," ni alága wí.

"Ó tì o, ti ọrùn ni," ni Màmá Bọ́látitó wí.

"Ọrùn? Ṣé ajá ni?" ni alága bi í.

Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ ya bí aṣọ òkìríkà. Baba Rufus, wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ti ẹsẹ̀ ni! Mánákù ni ti ọwọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi de ẹlẹ́wọ̀n!"

"Irọ́ ni!" ni alága wí.

Baba ò jiyàn. Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó so ọrùn ẹsẹ̀ alága méjèèjì pọ̀ pinpin.

"Ẹ ò rí i? Ọrùn ẹsẹ̀!" ni Màmá Bọ́látitó kígbe. "Mo ṣáà ní ọrùn ni!"

"Ẹ rìn wò, sà," ni Baba Rufus wí.

Alága dìde, ó gbẹ́sẹ̀ kan, èkejì bá a lọ. Gbì! Ó nà gbalaja. Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Baba Rufus lanu sílẹ̀. "Kí ni wọ́n ń wí?"

Fọláwùmí ò mí: "Wọ́n ní kí ẹ tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn. Wọ́n ní ti ẹsẹ̀ ni lóòótọ́. Wọ́n ní orí yín ò pé. Wọ́n tún ní bàbá tó bí yín..."

"Ó tó!" Alága bú sí Yorùbá. "Ìwọ la gbà! Ṣùgbọ́n ẹ tú mi ná, kí n lè fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ẹ."

Fọláwùmí kúnlẹ̀, ó gbé ìwé àti bírò síwájú rẹ̀ nílẹ̀. "Wọn ò de ọwọ́ yín, sà."